Kí ló ń mú kí ejò orí òkè dúdú?

Àdùkẹ́_Wales kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé ọmọ ọdẹ wà láàárín wa, olùkọ́ náà sì wà.

Apá àríwá Wales ni mò ń gbé, lẹ́bàá àwọn òkè Eryri. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ na ẹsẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Oṣù kẹta ni a wà yìí, òtútù ṣì mú, yìnyín ṣì funfun lórí téńté òkè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ. Bí a ṣe yí igun kan báyìí, ejò kan ló nà sórí òkúta pẹlẹbẹ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó tẹ́ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí bẹ́líìtì tí wọ́n sá sóòrùn, ó sì dà bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ pupa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi pariwo pé "Agbádú!", kí n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti sá dé ibi tí a páàkì ọkọ̀ sí.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló bá wa níbẹ̀. Ó ní kí a dúró jẹ́ẹ́, pé adder ni, ejò olóró kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ilẹ̀ Britain. Mo ní, "Ṣùgbọ́n adder tí mo rí nínú àwòrán, eérú ni, ó sì ní ìlà dúdú wọ́gọwọ̀gọ láti orí dé ìrù." Ó rẹ́rìn-ín, ó mú wa lọ bí ogún ìṣísẹ̀ síwájú, ó sì fi ọ̀kan hàn wá nínú koríko gbígbẹ. Eérú ni, pẹ̀lú ìlà wọ́gọwọ̀gọ. Ó ní ejò kan náà ni, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n sì ń bímọ pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé òtútù orí òkè ló sọ ìkíní di dúdú? Mo pe màmá mi ní Ìkirè, wọ́n ní sèbé ni gbogbo ejò dúdú, kí n yé gun òkè.

Ọmọ_Ọdẹ_Ṣakí kọ:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ewu. A dúpẹ́ pé kò ṣe yín ní nǹkan.

Ọdẹ ni bàbá mi, èmi náà sì ti wọ igbó díẹ̀. Ní Ṣakí níbí, paramọ́lẹ̀ méjì kì í rí bákan náà. Èyí tó ń gbé ilẹ̀ pupa a máa pọ́n díẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀bá àpáta a máa rí bí eérú. Bàbá mi máa ń sọ pé ilẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ ń wọ̀ láṣọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rí i, kì í ṣe ojú. Kì í sá fún èèyàn, ó kàn máa sùn síbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ tó dúdú kirikiri láìní àmì, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tó kàwé nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Olùkọ́_Títí_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Báólógì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ ejò sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù láti kà.

Àǹtí Àdùkẹ́, màmá yín kò jẹ̀bi. Nílé wa, ejò dúdú tí a bá pàdé lè jẹ́ sèbé lóòótọ́, kí ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rí yẹn, Vipera berus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìbátan paramọ́lẹ̀ wa ni. Ibi tó ń gbé pọ̀ púpọ̀: ó wà ní Britain, ó wà lórí òkè Alps, ó tilẹ̀ kọjá òbìrí Akitíìkì (ìlà tó pààlà ibi òtútù àríwá ayé) ní Scandinavia, níbi tí kò sí ejò mìíràn tó lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ohun kan. Òtútù kì í kun ejò bí aró ṣe ń kun aṣọ. Bí ẹ bá gbé adder aláwọ̀ eérú tó ti dàgbà lọ sórí òkè tó tutù jù lọ, eérú ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi kú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọ̀ dúdú yìí wà, bí irun pupa ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òyìnbó kan. Nínú ẹbí ejò kan náà, àwọn kan gbé e, àwọn kan kò gbé e. Níbi tí dúdú bá ti wúlò, àwọn dúdú a jẹun kánú, wọn a yè, wọn a bímọ, ọmọ wọn a pọ̀. Níbi tí dúdú bá ti ń fa ikú, wọn a tán díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ni láti yan èyí tí yóò kù lẹ́yìn ìran púpọ̀.

Kí ló wá mú dúdú wúlò lórí òkè? Ara èmi àti ẹ̀yin ní iná tirẹ̀; oúnjẹ tí a jẹ ló ń di ooru. Ejò kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Ìta ló ti ń yá ooru. Adder fẹ́ kí ara òun gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kí ó tó lè sáré dáadáa, kí eku tó gbé mì tó lè dà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá sì ń gun òkè, ní gbogbo 1,000 mítà tó bá gùn, ooru afẹ́fẹ́ ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 dínkù. Ejò tó wà ní 2,000 mítà lórí Alps ti pàdánù ìwọ̀n 13 sí ti ẹni tó wà ní etí òkun. Oòrùn ibẹ̀ mú gan-an bó bá yọ, àmọ́ kì í pẹ́. Ìkùukùu á dé lọ́sàn-án, yìnyín á tètè padà wá. Ìṣẹ́jú ni owó tí ejò ń ná lórí òkè.

Ẹ lọ fọwọ́ kan ọkọ̀ dúdú àti ọkọ̀ funfun tí wọ́n páàkì sójú oòrùn ní Dùgbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Ejò dúdú tètè ń gbóná. Bí ó bá tètè gbóná, ó ti lọ wá oúnjẹ nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣì ń yáàrùn.

Apá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù lọ ni ti abo. Adder kì í yé ẹyin sílẹ̀ kó sì máa lọ. Inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń dàgbà, ó sì ń bí wọn láàyè. Nítorí náà, bí abo aboyún ṣe ń yáàrùn yẹn, ọmọ inú rẹ̀ ló ń sè. Lórí òkè, àsìkò ooru kúrú débi pé abo mìíràn kì í lè bímọ lọ́dọọdún. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kí ó tó sanra padà. Ní 1994, Massimo Capula àti Luca Luiselli, àwọn onímọ̀ ejò ará Ítálì, tẹ ìwádìí wọn lórí adder òkè Alps jáde, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn abo dúdú ń bímọ léraléra ju àwọn onílà lọ. Ẹ rí i pé àǹfààní ńlá nìyẹn.

Luiselli yìí kì í ṣe àjèjì sí wa o. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Godfrey Akani ti Port Harcourt ti jọ ṣiṣẹ́ lórí ejò Niger Delta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọká àti sèbé gúúsù Nàìjíríà ń jẹ, iṣẹ́ wọn ni kó wá kà.

Àdùkẹ́_Wales kọ:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ aboyún tó ń yáàrùn nítorí ọmọ inú yẹn mú mi lọ́kàn. N kò ní wo ejò lójú kan náà mọ́.

Ìbéèrè kékeré kan: ṣé dúdú ni wọ́n ń bí wọn?

Olùkọ́_Títí_Ìbàdàn kọ:

Ọ̀pọ̀ lára adder dúdú, ìlà wọ́gọwọ̀gọ ni wọ́n fi ń wáyé. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ awọ ní ọdún àkọ́kọ́ sí ìkejì, sí ìkẹta, dúdú á máa bo ìlà náà mọ́lẹ̀ títí kò ní hàn mọ́. Bí ẹ bá rí èyí tí kò tíì dúdú tán, ẹ ó rí òjìji ìlà náà lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ́, tí ó ṣì ń yọ díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín padà sí ọ̀rọ̀ aró o. Kì í ṣe òtútù ló ń sọ ọ́ di dúdú bó ṣe ń dàgbà. Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé, bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin.

Bàbá_Àgbẹ̀_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, kí ẹ má bínú.

Ọgọ́ta ọdún ó lé ni mo ti ń ṣe oko ní ẹ̀bá irà Ẹ̀pẹ́ yìí. Sèbé tó ń gbé inú irà wa dúdú, ó ń dán bí bàtà tí wọ́n pa. Agbádú dúdú. Òtútù wo ló wà ní Ẹ̀pẹ́? Ooru ni a ń kú sí. Bó bá jẹ́ pé nítorí àtiyáàrùn ni ejò ṣe ń dúdú, ṣé kò yẹ kí ejò tiwa funfun bí ẹyin ni? Ẹ ṣàlàyé fún mi.

Olùkọ́_Títí_Ìbàdàn kọ:

Bàbá, ẹ kú àárọ̀, ẹ sì ṣeun. Ìbéèrè tí ẹ bi yìí, ó ju ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nínú kíláàsì lọ. Mo ti ronú lé e lórí kí n tó dáhùn.

Òfin méjì ló wà tí àwọn onímọ̀ fi ń wo àwọ̀ ẹranko, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Ìkíní ti pẹ́: Constantin Gloger, ará Jámánì, sọ ní 1833 pé ẹranko ibi tí òjò ti ń rọ̀ tí igbó sì ṣú a máa dúdú ju ti ibi gbígbẹ lọ. Ẹyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni ti Charles Bogert, ará Amẹ́ríkà, tó sọ ní 1949 pé ẹranko tó ń yá ooru láti ìta a máa dúdú bí ibùgbé rẹ̀ bá ṣe tutù tó. Sèbé Ẹ̀pẹ́, ti Gloger ló bá mu. Adder Àǹtí Àdùkẹ́, ti Bogert ló bá mu. Àwọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ tó ń ṣe ló yàtọ̀. Nínú igbó tó ṣú, nínú omi dúdú irà, ejò dúdú ń sá pamọ́ ni. Kò nílò àtiyára gbóná, afẹ́fẹ́ tó yí i ká ti gbóná tó.

Ẹ wo ọká náà, èyí tó sanra tó ń dùbúlẹ̀ sínú ewé jíjẹrà. Bí wọ́n bá pa á, ẹ sún mọ́ òkú rẹ̀ kí ẹ wo àwọn ibi tó dúdú ní ẹ̀yìn rẹ̀. (Ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀ o, òkú ejò ṣì ń ṣán èèyàn.) Dúdú yẹn kì í dán rárá. Ó dà bí ihò tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìpẹ́ irú ọká tó wà láti Gíní títí dé Togo, wọ́n sì rí i pé ìpẹ́ dúdú náà kún fún àwọn nǹkan wínníwínní tó to bí ewé, tí ìmọ́lẹ̀ ń há sí àárín wọn tí kò sì lè jáde mọ́. Òjìji àárín ewé ni ọká fi dúdú rẹ̀ ṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ òtútù níbẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Ní erékùṣù New Caledonia, ejò òkun kan wà tó máa ń ní òrùka dúdú àti funfun. Lẹ́bàá ìlú àti ilé iṣẹ́, dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwádìí 2017 fi hàn pé awọ dúdú ń dì mọ́ irin olóró tó wà nínú omi ìdọ̀tí, bí ejò bá sì bọ́ awọ, ó ti bọ́ májèlé náà dànù.

Nítorí náà, bàbá, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìdí kan ṣoṣo ni ejò fi ń dúdú, ẹ má gbà fún un. Ti orí òkè ni a ń sọ níbí, òtútù ló sì jọba níbẹ̀.

Bàbá_Àgbẹ̀_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Ó yé mi wàyí. Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ rẹ, ọmọ mi.

Ṣẹ́gun_Ohio kọ:

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ohio ni mo wà, kò jìnnà sí adágún Erie. Kì í ṣe òkè, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ejò kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní garter snake. Kò lóró tó lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ìlà ofeefee mẹ́ta ló máa ń wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ní etí adágún Erie, pàápàá apá ti Kánádà, dúdú ni púpọ̀ nínú wọn. Afẹ́fẹ́ orí omi ń mú kí etí adágún tutù nígbà ìrúwé nígbà tí àárín ilẹ̀ ti ń gbóná. Àwọn tó sìn wọ́n láti fi ṣe àyẹ̀wò rí i láti nǹkan bí 1940 pé dúdú yìí lè sá pamọ́: ejò onílà méjì lè bí ọmọ dúdú, bí akọ àti abo bá jọ gbé e nínú ẹ̀jẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ AS àti AS tó ń bí SS, bí mo bá lè fi wé e.

Ohun tó wá jọ mí lójú ni pé nínú adágún kan náà, àwọn erékùṣù wà tí òkúta ẹfun funfun yí etí wọn ká, ejò omi tó ń gbé ibẹ̀ sì ṣe òdì kejì. Òrùka dúdú tó wà lára àwọn ìbátan wọn lórí ilẹ̀ ńlá ti pòórá lára wọn, eérú ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n. Ẹyẹ kì í rí wọn lórí òkúta funfun yẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà fi wọ́n sábẹ́ ààbò ní 1999 nítorí àwọn èèyàn ń pa wọ́n ní ìpakúpa, wọ́n sì pọ̀ padà débi pé wọ́n yọ wọ́n kúrò ní 2011. Omi kan, ejò méjì, ìkan yan ooru, ìkan yan ìfarapamọ́.

Ọmọ_Ọdẹ_Ṣakí kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ẹ ti sọ ohun tó wà ní ọkàn mi. Gẹ́gẹ́ bí ọdẹ, ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹranko tí ojú bá ti tètè rí, kì í dàgbà. Ejò dúdú lórí òkúta eérú, èmi tí n kò ní ojú àṣá yóò rí i. Tó bá jẹ́ pé dúdú dára tó bí Olùkọ́ ṣe wí, kí ló dé tí gbogbo wọn kò fi dúdú? Àǹtí Àdùkẹ́ rí méjèèjì láàárín ogún ìṣísẹ̀.

Olùkọ́_Títí_Ìbàdàn kọ:

Àbúrò, ibi tí mo fẹ́ kí a dé gan-an nìyẹn. Dúdú ní iye tí wọ́n ń tà á.

Ìlà wọ́gọwọ̀gọ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní 2004, Wolfgang Wüster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (Yunifásítì Bangor ló ti ń kọ́ni, Àǹtí Àdùkẹ́, kò jìnnà sí yín) sọ ìwádìí wọn di mímọ̀. Ejò ni wọ́n fi amọ̀ rírọ̀ mọ. Wọ́n fi ìlà wọ́gọwọ̀gọ sára àwọn kan, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ láìní ìlà, wọ́n sì kó wọn sínú igbó. Ibi tí ẹyẹ bá ti ṣá a, àpá ẹnu rẹ̀ á wà lára amọ̀. Nígbà tí wọ́n padà ká àpá, àwọn onílà ni ẹyẹ kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn. Ẹyẹ mọ ìlà yẹn. Ó ń sọ fún wọn pé: olóró ni mí, ẹ kọjá. Ejò tó bá dúdú ti pa ìkìlọ̀ yẹn rẹ́ lára ara rẹ̀.

Claes Andrén àti Göran Nilson ti rí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ní Sweden ní 1981. Adder dúdú dàgbà dáadáa ju àwọn onílà lọ, akọ tó tóbi a sì rí abo gùn. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ń pa àwọn dúdú jù. Ẹ fi méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Níbi tí òtútù ti le, èrè ooru wúwo ju ewu ẹyẹ lọ, dúdú a pọ̀. Níbi tí ooru ti wà dé ìwọ̀n, ewu wúwo jù, ìlà a borí. Láàárín ibi méjèèjì, wọ́n á jọ máa gbé ni, bí ti Eryri.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ wo àwọn òkè Cantabria ní àríwá Spéènì. Vipera seoanei ló ń gbé ibẹ̀, aṣọ márùn-ún ló sì ní: onílà wọ́gọwọ̀gọ, onílà méjì gbọọrọ, èyí tí àmì rẹ̀ já sí wẹ́wẹ́, èyí tí kò ní àmì, àti dúdú pátápátá. Irú ejò kan náà ni gbogbo wọn.

Mo ní ejò kan tó ń dààmú mi ṣá, n kò fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Lórí òkè Kenya àti òkè Aberdare, láti 2,700 dé 3,800 mítà, paramọ́lẹ̀ kékeré kan ń gbé inú koríko tó so jọ bí ìdì. Montatheris hindii ni orúkọ rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ lóru lè sọ omi di yìnyín. Ó yẹ kí ó dúdú bí ìdí ìkòkò, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, pẹ̀lú àmì dúdú onígun mẹ́ta mẹ́ta. Tèmi ni pé agbedeméjì ayé ni ibẹ̀ wà: oòrùn ń yọ lọ́dún yípo, ó sì ń dúró gangan lórí. Òtútù ibẹ̀ le lóru, ṣùgbọ́n kò sí oṣù mẹ́fà tí ejò ní láti sùn, kò sì sí ìkánjú oyún. Ejò náà kàn máa ń jáde nígbà tí oòrùn bá mú, bó bá ti wọ̀, ó padà sínú koríko. Nítorí náà, gíga òkè nìkan kò tó láti mọ àwọ̀ ejò. Ẹ bèèrè bí àsìkò oòrùn ibẹ̀ ṣe gùn tó.

Ọmọ_Ọdẹ_Ṣakí kọ:

Ó yé mi yéké. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní oko, èèyàn kì í gba ìkan láìfi ìkan sílẹ̀.

Ṣé Nàìjíríà ní òkè tó tutù tó bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́_Títí_Ìbàdàn kọ:

Èyí tó ga jù ni Chappal Waddi ní Taraba, 2,419 mítà. Òkè ilẹ̀ Yorùbá kò ga débi tí òtútù yóò fi máa yan àwọ̀ ejò. Àwọ̀ ilẹ̀ ló ń yan ti yín ní Ṣakí, bí bàbá yín ṣe wí. Ẹ bá mi kí bàbá o, wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí èmi tó kà á.

Àdùkẹ́_Wales kọ:

Ẹ̀yin ará mi, mo tún lọ lónìí. Èmi nìkan ni mo lọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àwọn kò lọ mọ́.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo jókòó sórí òkúta kan tó jìnnà tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo gbé fóònù mi lé orúnkún. Èyí dúdú ti wà lórí òkúta rẹ̀. Onílà jáde láti inú koríko ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì tẹ́ ara rẹ̀. Èémí wọn nìkan ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn sókè sódò. Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí dúdú gbé orí sókè, ó yọ ahọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì wọ́ lọ sínú igbó jẹ́jẹ́. Onílà ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ni pé ẹyẹ ńlá kan fò kọjá nígbà tí méjèèjì ṣì wà níta. Òjìji rẹ̀ gba orí òkúta kọjá. Èyí dúdú sá wọlé lójú ẹsẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tún jáde. Onílà kò mira rárá. Nígbà tí mo rí i, ara mi bù máṣọ, nítorí mo rántí ọ̀rọ̀ amọ̀ yẹn.

Olùkọ́, ohun kan ló wá kù. Ní ìlú yìí, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ìgbà òtútù kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí òkè bá ń gbóná, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn dúdú?

Olùkọ́_Títí_Ìbàdàn kọ:

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tí ẹ ṣe yìí dùn mọ́ mi gan-an ni. Àárọ̀ kan àti ejò méjì kò tíì di ẹ̀rí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èyí dúdú tètè jáde ni, ó lè jẹ́ pé ó kéré lára, ejò tín-ín-rín a sì máa yára gbóná. Ṣùgbọ́n báyìí náà ni gbogbo ìwádìí tí mo dárúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín: bí òkè bá gbóná, ìṣẹ́jú tí dúdú ń jèrè yóò máa dínkù, ewu ẹyẹ kò sì ní dínkù pẹ̀lú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí mo sọ lókè, apá ìlà yóò máa wúwo sí i. Ejò dúdú tún lè gbóná jù ní ọ̀sán, kí ó wá máa sá pamọ́ ní wákàtí tó yẹ kó fi wá oúnjẹ. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ti àwọn tó wà ní téńté òkè. Ẹranko ìsàlẹ̀ lè gòkè lọ wá òtútù. Ẹni tó ti wà lókè pátápátá, ibo ni yóò gbà? Ọ̀pọ̀ ìran ló gbà kí dúdú tó pọ̀ lórí àwọn òkè yẹn, ooru yìí kò sì fún wọn ní àyè ìran púpọ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ju òkúta lu ejò yẹn. Yàtọ̀ sí pé kò wá yín wá, òfin Britain ti 1981 tó dáàbò bo ẹranko igbó kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa adder tàbí kó ṣe é léṣe, ì báà dúdú, ì báà ní ìlà.

Tí ẹ bá tún lọ, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, ẹ kọ bóyá oòrùn yọ tàbí ìkùukùu bò ó, ẹ kọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde àti ìgbà tó lọ. Ẹ má sún mọ́ wọn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn lọ o.

Àdùkẹ́_Wales kọ:

Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Wọ́n ní oòrùn yóò yọ ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ní lọ́jọ́ náà, nítorí náà àárọ̀ jẹ́ tèmi. Màá padà wá sọ ohun tí mo bá rí.

Bàbá_Àgbẹ̀_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Wọ bàtà tó ga dé orúnkún, ọmọ mi.